Ewé Ìkẹyìn Wà Lọ́dọ̀ Àkànó

Ẹni tó bá ń pariwo pé adìẹ aládùúgbò ń jẹ ìdọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ yẹ ètè òun náà wò kí ẹ tó bá a ṣe àmín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú yàrá, tí ẹ fi ìwé àdúrà bò ó lórí kí àlejò má baà rí i, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ Sàúdátù kàn yín.

Sàúdátù ń ta àwo tánńganran nínú ọjà Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò. Àdúgbò Komah ni ilé rẹ̀ wà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ará Ìlọrin ni baba tó bí i, ṣùgbọ́n Sokodé ni wọ́n bí òun sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Kàsúmù, tó ń wa bàṣé, ọkọ̀ akérò tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, láti Sokodé sí Tchamba. Ìwé Faransé tí Sàúdátù kà nígbà èwe kò tó nǹkan. Bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ló ṣe ń kàwé: á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè á máa jó.

Ẹnu rẹ̀ ló wá mú ju ojú rẹ̀ lọ. Ní mọ́ṣáláṣí, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi tí wọ́n bá ti kó obìnrin ọjà jọ, ohùn Sàúdátù lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tó sì máa ń bú jù lọ láyé yìí ni fótò-ròmáà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Fọ́tò àwọn òyìnbó ló kún inú rẹ̀, ọkùnrin onírun dídán, obìnrin olójú omijé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á wà nínú ihò funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Bí wọn kò bá sunkún, wọ́n ń fẹnu kora wọn lẹ́nu. Kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọbìnrin Sokodé sì ń kà á bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

"Ìwé aṣẹ́wó!" ni Sàúdátù ń pè é. "Ọmọ tó bá ń kà á, ilé ọkọ rẹ̀ ti wó kí wọ́n tó mọ ọ́n."

Àwọn obìnrin á ní, "Òótọ́ lo wí, Ìyá Kàsúmù."

Irọ́ ló ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwo tánńganran, bí ọ̀kan bá ń ha èkejì, ọ̀dà rẹ̀ á bó. Bébà àtijọ́ ni wọ́n fi ń là á láàárín. Ní ọ̀sán kan tí ọjà dá, Sàúdátù ń tú ẹrù tuntun, ó rí ewé ìwé kan tí wọ́n ká sínú abọ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú fọ́tò, ó ń fọ aṣọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Loréta, ìyá mi kò gbọdọ̀ mọ̀."

Sàúdátù fi ìka tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ kí ni?

Ó yí ewé náà padà. Ìpolówó ọṣẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin yìí tú gbogbo àwo inú àpótí dànù sílẹ̀. Ẹ má rò pé títà ló fẹ́ tà wọ́n. Ewé kejì ló ń wá. Nígbà tí kò rí i, ó fi ẹsẹ̀ ta àpótí.

Àkànó ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Sokodé. Ọmọ Kambolé, ìlú kan níwájú Tchamba, ni Àkànó. Ó ń tẹ́ ìwé sórí àpò ìdọ̀họ lẹ́yìn àwọn oníṣu. Kì í ta ìwé, yíyá ló ń yá a fún ènìyàn. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń yá a máa ń gbé ìwé lọ pátápátá. Àkànó wá dá ọgbọ́n kan. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, ó ya ewé ìkẹyìn, ó kó wọn sínú agolo wàrà, ó fi ìdí jókòó lé agolo náà. Ẹ gbé ìwé lọ sílé, ẹ kà á títí, kò ní ìparí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìparí, ẹ gbé ìwé padà wá. Àkànó á fa ewé yín yọ, ẹ ó lóṣòó níwájú rẹ̀, ẹ ó kà á níbẹ̀, ẹ ó dá a padà fún un.

"Ewé ìkẹyìn kì í kúrò níwájú mi," ni Àkànó máa ń wí. "Bí mo bá jẹ́ kí ẹ gbé ìparí lọ, kí ni yóò dá yín padà?"

Nítorí náà, kò sí olùfẹ́ fótò-ròmáà kan ní Sokodé tí kò tíì lóṣòó níwájú Àkànó rí.

Sàúdátù gba ẹ̀yìn àwọn oníṣu lọ, ó fa ìborí bo ojú. "Àkànó, mo fẹ́ bébà tí n ó fi di àwo."

"Bébà ìdì wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́pà, Ìyá. Tibí yìí, kíkà ni."

"Ta ló fẹ́ kà? Mo ní dídì!"

Ojú rẹ̀ ti bọ́ sára Loréta. Loréta ló wà níwájú ìwé náà, òun àti agbọ̀n aṣọ rẹ̀. Sàúdátù nawọ́ sí i bí ẹni tí kò bìkítà. "Èyí yóò ṣe é dì."

Àkànó wo ìwé, ó wo ìyá. "Ẹ mú u lọ, Ìyá. Bí ẹ bá di àwo tán, ẹ dá a padà."

Ìkòkò tánńganran ńlá kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù Sàúdátù, olódòdó pupa, tó borí gbogbo ọjà rẹ̀. Inú rẹ̀ ló fi ìwé náà pa mọ́ sí. Bí àwọn ará ọjà bá ń tòògbé lẹ́yìn ìrun àìlà, á ṣí ọmọrí, á tẹrí sínú ìkòkò bí ẹni ń wo ọbẹ̀, á máa kà. Oníbàárà kan dé láti Tchamba, ó ní ìkòkò yẹn gan-an lòun fẹ́ fún ìgbéyàwó ọmọ òun.

"Kì í ṣe títà," ni Sàúdátù wí.

"Ìkòkò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù? Kí ló wà nínú rẹ̀ tí kì í fi í ṣe títà?"

"Ẹ̀mí mi ló wà nínú rẹ̀! Ẹ máa lọ."

Kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún gan-an? Ìranù ni. Ọmọ alágbàfọ̀ ni Loréta. Ó ń fọ aṣọ nílé olówó kan. Maríò, ọmọ olówó, fẹ́ràn rẹ̀. Kàmíla, ìyá Maríò, kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ alágbàfọ̀, ló bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ẹ̀gbà ọrùn wúrà sábẹ́ aṣọ nínú agbọ̀n Loréta, ó figbe ta pé olè. Wọ́n lé Loréta. Ọmọ náà gbé àpò kékeré, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé rélùwéè. Ibẹ̀ ni ìwé pin.

Sàúdátù sunkún sínú ìkòkò títí ìkòkò fi ń dún. "Kàmíla, Ọlọ́run yóò bi ọ́! Ìkà obìnrin!"

Ẹni tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ta jí. "Ta lẹ̀ ń ṣépè fún?"

"Eku ni. Eku ló jẹ aṣọ mi."

Ìgbà yẹn ni ìgbà ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Bí àlejò ńlá bá ń kọjá lójú títì, wọ́n á ti ọjà pa, gbogbo obìnrin á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á lọ tò sí etí ọ̀nà, wọ́n á máa jó, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ànìmásíọ̀n ni wọ́n ń pè é. Sàúdátù kì í fi í ṣeré, iwájú ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ànìmásíọ̀n tó tẹ̀ lé e, orin kò tíì gbóná tó fi di ikùn mú.

"Inú ń run mí."

Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́jà. Ọjà ṣófo. Àkànó nìkan ló jókòó lórí agolo rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ti di àwo tán?"

"Fún mi ní ewé mi kí n má bú ọ."

"Ẹ kọ́kọ́ lóṣòó. Òfin ni."

"Èmi? Pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lára?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi aṣọ ẹgbẹ́ lóṣòó síbí."

Obìnrin tó ń kọ́ gbogbo Komah ní ìwà fi orúnkún tó ń dùn ún lóṣòó sínú èèpo iṣu. Ó kà á. Maríò sáré gba ojú irin, ó na ọwọ́ méjèèjì, rélùwéè dúró. Ó gbé Loréta níyàwó. Nínú fọ́tò tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Kàmíla jókòó sídìí tábìlì gígùn kan, àwo kún orí rẹ̀ láti orí dé ìdí, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ó tọ́ sí i," ni Sàúdátù wí, ó nu ojú.

"Kí n mú òmíràn wá?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Sàúdátù wí, ó sì na ọwọ́ gba òmíràn.

Bí ẹ bá rò pé obìnrin yìí yóò wá dẹwọ́ fún àwọn tó ń kàwé bíi tirẹ̀, ẹ ò mọ ènìyàn. Ẹni tó jí ẹran jẹ ló máa ń kọ́kọ́ bú ológbò.

Kàsúmù ní àfẹ́sọ́nà, Àbíkẹ́, ọmọ Kambolé, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Sokodé. Ọmọ dáadáa ni. Wọ́n ti gba obì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, wọn yóò so yìgì. Sàúdátù lọ wo aṣọ kan tí Àbíkẹ́ ń rán fún un. Ó gbé aṣọ náà sókè láti wo etí rẹ̀, ìwé kan sì já bọ́. Loréta ni, òun náà gan-an, agbọ̀n aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àkànó ti yá a fún ẹlòmíràn.

"Kí nìyí?"

"Ìwé ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé ìwé ni! Ṣé mo fọ́jú ni? Ọ̀dọ̀ ta lo ti rí i?"

"Ọ̀dọ̀ Àkànó, Ìyá."

Àyà Sàúdátù já. Ọmọ tó ń lọ sọ́dọ̀ Àkànó, kí ni Àkànó ti lè sọ létí rẹ̀? Ṣé ẹ̀rín ni ọmọ yìí fẹ́ rín yẹn, àbí ẹkún? Sàúdátù kò dúró kó wò ó. Ó gbá ìwé mọ́ abíyá, ó bọ́ sí ìta, ó bú Àbíkẹ́ títí gbogbo ilé aránṣọ fi pa kẹ̀kẹ́ ìránṣọ wọn tì láti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Komah ti gbọ́ pé Ìyá Kàsúmù kò fẹ́ ìyàwó yẹn mọ́.

Kàsúmù wọlé bá a. "Ìyá, ìwé lásán ni."

"Ìwé aṣẹ́wó ni!"

"Ṣé ẹ ti kà á ni?"

"Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ kàn mí!"

Kàsúmù mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá dá obì Àbíkẹ́ padà, n ò gbé Sokodé mọ́. Tchamba ni n ó máa sùn, èmi àti bàṣé mi. Ẹ jẹ́ kí ilé yìí fẹ̀ fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ọmọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pariwo dé ojú ọjà, báwo ni yóò ṣe gbé ariwo náà mì padà?

Ní Kambolé, ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ìyàwó mọ́ kò lè fi iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni. Yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, yóò sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà tán lójú ọmọ náà, níwájú àgbà ẹbí méjèèjì. Sàúdátù mú Alájì Àlàó, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, dání. Kàsúmù ló fi bàṣé gbé wọn lọ. Ní Tchamba, ìyá rẹ̀ ra wàràkàṣì díndín fún un. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ọkọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó tutù níbẹ̀ títí dé Kambolé.

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá Àdìgún, bàbá Àbíkẹ́, ni wọ́n jókòó sí. Àwẹ̀ró, ìyá Àbíkẹ́, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín kí wọn. Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti wú.

Bàbá Àdìgún ní, "Àna wa, ẹ káàbọ̀. Kí lọmọ wa ṣe?"

Sàúdátù ju ìwé sílẹ̀ láàárín wọn. "Ohun tó ń kà nìyẹn!"

Alájì Àlàó mú un. Kéú nìkan ni Alájì mọ̀, kò gbọ́ Faransé, nítorí náà ẹ̀yìn ló ti kọ́kọ́ ṣí i. Wọ́n bá a yí i padà. Ó wo fọ́tò, ó fa irùngbọ̀n.

"Mo rí ọmọ tó ń fọṣọ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni aṣọ fífọ̀?"

"Ohun tó wà níwájú ló burú, Alájì!"

"Sọ ọ́, ká gbọ́. N kò lè dá ẹjọ́ ohun tí n kò mọ̀."

Sàúdátù yínmú. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìgbẹ́ sí lẹ́nu. "Ọmọ alágbàfọ̀ kan ni, aláìnítìjú. Loréta ni wọ́n ń pè é. Ó lọ ń fọṣọ nílé olówó…"

"Nítorí kí ni?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

"Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn! Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ta ni ì bá bọ́ wọn?"

"Ó mà ṣe o."

"Ẹ tíì gbọ́ nǹkan kan ni? Ẹ jẹ́ kí Maríò dé."

Alájì ń ṣí ìwé tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohùn Sàúdátù ti ń yí. Bí Maríò bá sọ̀rọ̀, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; bí Kàmíla bá sọ̀rọ̀, á fi imú fọn ún. Bàbá Àdìgún gbàgbé obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbà ọrùn wọ inú agbọ̀n, Àwẹ̀ró gbá itan.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí i? Háà! Ìkà!"

"Ìkà pátápátá!" ni Sàúdátù wí. "Ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni! Wọ́n lé e lójú gbogbo ayé, ó gbé àpò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé rélùwéè…"

"Ó wá lọ?" Bàbá Àdìgún ti fà sún mọ́ ọn.

"Ó lọ kẹ̀? Maríò ńkọ́? Maríò já wọ ojú irin, ó na apá méjèèjì báyìí, ó ní bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ gba orí òkú mi kọjá! Rélùwéè dúró gbàgà! Ó gbé e níyàwó, aṣọ funfun balau. Ìyá yẹn ńkọ́? Òun nìkan ló ṣẹ́ kù, nídìí tábìlì gígùn, àwo rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tí yóò bá a jẹun."

"Ó tọ́ sí i!" ni Àwẹ̀ró wí.

"Ó tọ́ sí i gan-an!" Sàúdátù fi etí ìborí nu ojú.

Alájì Àlàó ti ń yí ìwé síwá sẹ́yìn. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó wo ìsàlẹ̀ bóyá nǹkan já bọ́.

"Sàúdátù."

"Alájì."

"Mo rí rélùwéè níbí. Tábìlì dà?"

Sàúdátù nawọ́ sí ìwé náà, Alájì gbé e sókè.

"Ibi tí ọmọ yìí ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni ìwé parí sí. Apá tó nà dà? Aṣọ funfun dà? Àbíkẹ́, ìwọ lo ya á?"

"Rárá, Bàbá. Gbogbo ìwé Àkànó ló rí bẹ́ẹ̀." Àbíkẹ́ kò gbójú sókè. "Ewé ìkẹyìn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í jẹ́ kó kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìparí gbọ́dọ̀ lọ lóṣòó sọ́dọ̀ rẹ̀ kà á. Èmi kò tíì lọ kí Ìyá tó gba ìwé. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ nísinsìnyí."

Gbogbo ojú yí sí Sàúdátù.

"Wọ́n… wọ́n sọ ọ́ fún mi ni," ni Sàúdátù wí.

"Ta ló sọ ọ́?"

"Àwọn ènìyàn."

"Àkànó tiwa yìí?" ni Bàbá Àdìgún wí. "Ọmọ ẹ̀yìn ilé mi? Ká ránṣẹ́ pè é bí?"

Àwẹ̀ró tẹ orí sí i. "Ìyá Kàsúmù, ṣé ẹ lóṣòó?"

Sàúdátù ń tún ìborí rẹ̀ ṣe.

"Mo kàn béèrè ni o. Ṣé ẹ lóṣòó?"

"Kò pẹ́," ni Sàúdátù wí wúyẹ́wúyẹ́. "Orúnkún ń dùn mí."

Kàsúmù tó dúró ti bàṣé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, eyín rẹ̀ kò hàn rí. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, ó rín títí tó fi di igi mú. Bàbá Àdìgún ni obì fẹ́ pa.

Alájì Àlàó kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé. "Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá torí rẹ̀ lé ọmọ yìí, a ó torí rẹ̀ lé ìwọ náà kúrò nílé àbúrò mi. Kí ni orúkọ ìyá ìdí tábìlì yẹn?"

"Kàmíla."

"Ẹni tó bá fẹ́ jẹ Kàmíla láàárín wa, kó dìde, kó gba obì rẹ̀ padà."

Sàúdátù wo ọmọ rẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ó wo ilẹ̀. Kò dìde.

Wọ́n wa iṣu, wọ́n so yìgì. Ẹ ṣe bí ọ̀rọ̀ Kambolé kì í dé Sokodé? Bàṣé ló gbé e dé. "Ìyá Kàmíla" ni gbogbo ọjà ń pe Sàúdátù, ohùn rẹ̀ sì kéré ní mọ́ṣáláṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ fótò-ròmáà níbẹ̀, á máa wá tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò ní àánú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ìwé pa lára. Ẹnu rẹ̀ ló fẹ́ gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ yín, bí kò bá ṣe olè, bí kò bá ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lójú gbangba. Bí ẹ ò bá lè jẹ ẹ́ lójú gbangba, ẹ má fi ẹnu tó ń jẹ ẹ́ bú ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ní ọ̀sán ọjà, Àbíkẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rọra ní, "Ìyá, mò ń lọ sọ́dọ̀ Àkànó. Èyí tó wà nínú ìkòkò ńkọ́, ṣé kí n bá yín dá a padà?"

"Èwo ni bá mi dá a padà? Ṣé ìwọ ni wàá bá mi ka ìparí rẹ̀ ni?"

Sàúdátù ṣí ìkòkò, ó mú ìwé jáde. Ó wá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan, ó gbé e lé orí. Òun níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, wọ́n gba àárín ọjà kọjá, níṣojú ẹlẹ́pà, níṣojú oníyọ̀, dé ẹ̀yìn àwọn oníṣu.

Àkànó rí àpótí, ó ní, "Ìyá, òfin mi ńkọ́?"

"Òfin rẹ kò ní kí arúgbó má jókòó." Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó fi ìdí lé e, ó na ọwọ́. "Mú ewé mi wá. Ìyàwó mi ló máa lóṣòó."